Ìka Ìyá Ìbejì Lórí Àkàsọ̀

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Èmi tí n kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn ti mu oògùn náà lámujù. Nígbà tí ọkùnrin kan wọ ilé iṣẹ́ wa ní Ìsọlọ̀ tòun ti bébà, tó ní òun fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń kó àárẹ̀ bá ọpọlọ wa tó, ojú kan ni mo wò ó tí mo ti gbà pé wọ́n fẹ́ dín wa kù ni. Lóòótọ́, owó epo ń ṣàn, ilé iṣẹ́ sì ń hù bí olú, àmọ́ àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu géètì wa ju àwa tá a wà nínú lọ.

Ìgò mínírà là ń yẹ̀ wò. A ó jókòó síwájú iná mànàmáná, ìgò á máa tò kọjá níwájú rẹ̀, a ó máa wá èyí tó dọ̀tí. A kì í gbẹ́rù, a kì í làágùn, síbẹ̀ tí mo bá délé tí mo dijú, ìgò ni mo ṣì ń rí. Ìdí nìyẹn tá a fi jẹ́ méjì méjì: ẹni tó bá ti wo ìgò fún wákàtí kan á lọ máa kó kéréètì, èkejì á jókòó.

Ìyá Ìbejì, opó kan láti Èkìtì tó ń gbé Òṣòdì, ni èkejì mi. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń tọ́ àwọn ìbejì. Orí fífọ́ kì í sì í fi Ìyá Ìbejì sílẹ̀.

Ọkùnrin náà ya àkàsọ̀ onípele mẹ́wàá sórí bébà. Ìsàlẹ̀ ni ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò rẹ̀ rárá, òkè ni ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti pin. Ó ní ká fi ìka tọ́ka sí ipele tá a wà. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ẹni tó bá ní iṣẹ́ wọ òun lọ́rùn, ilé ni wọn á ní kó lọ sinmi. Gbogbo wa ń tọ́ka sísàlẹ̀.

Ó kan Ìyá Ìbejì. Wọ́n fi ìka lé ipele kẹsàn-án. Mo di ìka náà mú, mo fà á wá sí ipele kejì, mo ní eré ni wọ́n ń ṣe.

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni mo bi. Ṣé ibẹ̀ ni?"

Wọ́n wò mí títí. "Ibi tí àbúrò mi fi í sí náà ni."

Kò pé oṣù kan, ọ̀gá wa ní ìwádìí ti fi hàn pé iṣẹ́ wa fúyẹ́, kò sí pààrọ̀-pààrọ̀ mọ́. Kí kálukú jókòó ti iná láàárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá amí ni ọkùnrin yẹn tàbí ẹni tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú.

Lọ́sẹ̀ kẹta tí àṣẹ yẹn jáde, ìgò kan tí ìṣó wà nínú rẹ̀ kọjá níwájú Ìyá Ìbejì, ó sì dọ́wọ́ oníbàárà. Ọjọ́ tí ẹjọ́ rẹ̀ délé iṣẹ́ ni ọ̀gá wa dá Ìyá Ìbejì dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Mo sìn wọ́n dé géètì, mo ń sunkún. Mo rò pé wọ́n máa bú mi, ì bá sì tù mí lára.

"Àbúrò mi," ni wọ́n wí, "ìka mi ti wà níbi tó yẹ kó wà kó o tó fà á."

Wọ́n jáde, wọ́n sì lọ dúró láàárín àwọn tó ń wáṣẹ́.