Àwòrán Dókítà Eyín Nínú Kíláàsì Ìyá Máàpù

Jọ́gíráfì ni Ìyá Máàpù ń kọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ náà ló sì fún un lórúkọ yẹn. Ó mọ ibi tí gbogbo odò ayé ti ṣàn wá, àmọ́ kíláàsì tó ní lórí ayélujára, òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣìnà nínú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti kọ tán ló máa ń jù síbẹ̀: iṣẹ́ àmúrelé lórí ìdánwò, ìdánwò lórí fídíò, gbogbo rẹ̀ rí gátagàta bí aṣọ tí òjò lé wọlé. Àwọn ọmọ sì ti rí àwáwí.

"Màá, a wá iṣẹ́ yẹn títí, a ò rí i."

"Ẹ ò rí i ni, àbí ẹ ò wá a?"

"Méjèèjì ni, Màá," ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn, làwọn tó kù bá bú sẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó tú gbogbo ẹrù náà palẹ̀. Ó pín in sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀: búlúù fún ẹ̀kọ́ tuntun, pupa fún iṣẹ́ àmúrelé, kójú wọn lè tètè dá a mọ̀. Ó fi àwòrán òkè ńlá síbí, ó fi ti aṣálẹ̀ sọ́hùn-ún. Ó wá ku ìsọ̀rí Ìsinmi, níbi tí wọ́n ti lè ṣeré díẹ̀. Àwòrán wo ló bá ìsinmi mu?

Ó gbójú sókè, ló bá rí ọkọ rẹ̀ lórí àga pálọ̀, tó ti sùn lọ fọnfọn. Dókítà eyín ni ọkọ yìí, kì í sì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ tó bá ti sùn, ẹnu rẹ̀ á là gbàgà bíi tẹni tó fẹ́ gbé odidi búrẹ́dì mì. Ìyàwó rọra mú fóònù, ó yà á, ó sì fi àwòrán náà síbi Ìsinmi. Ó ní òun á yọ ọ́ kúrò tó bá di ìrọ̀lẹ́. Kò yọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ àmúrelé ń wọlé bí omi. Kò sẹ́ni tó tún ní òun ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá ilé-ìwé pàápàá yọjú síbẹ̀, ó yìn ín. Ó kàn wúkọ́ díẹ̀ nígbà tó dé ibi Ìsinmi.

Àfi bí eyín ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì náà, tí ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín yìí kan náà. Dókítà tan iná sí i lẹ́nu, ó ní, "Yanu dáadáa." Ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ṣé kí n yanu bíi tiyín níbi Ìsinmi ni, sà?"

Kí dókítà tó délé, ó ti rí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù ọmọ náà. Bó ṣe wọlé, Ìyá Máàpù yára kúnlẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ dáadáa.

"Ẹ máà bínú, olówó orí mi. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi jù nínú ilé yìí."

"Ó dáa," ni ọkọ sọ, kò bá a jà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ba ìyàwó lẹ́rù. Nígbà tó gbé oúnjẹ lọ fún un níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri níbi táwọn aláìsàn ti ń dúró. Òun ni! Ó ń fọ eyín, ìborí rẹ̀ ti yẹ̀ sápá kan, ọṣẹ ìfọyín ń hó dé àgbọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Bó ṣe yẹ ká máa fọ eyín nìyí."

"Ẹ yọ ọ́!"

"Yọ tèmi ná."

Lórí ìdúró níbẹ̀ ni wọ́n ti yọ àwòrán méjèèjì. Àwòrán ológbò tó ń sùn ló bọ́ sípò dókítà nínú kíláàsì. Àwọn ọmọ fìbínú kọ̀wé sí Ìyá Máàpù pé kó dá Bàbá Ìsinmi padà fáwọn. Ó fèsì pé Bàbá Ìsinmi ti jí, ó ti lọ síbi iṣẹ́.