Ẹ̀rọ Ìpàdé Tí Màmá Àkọsílẹ̀ Yàn

Ó tọ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé Màmá Àkọsílẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ìpàdé láìkọ́kọ́ dán bírò rẹ̀ wò sí àtẹ́lẹwọ́ òsì. Ìlà kékeré kan ṣoṣo ni, kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn ló fi bírò náà kọ̀wé, yóò tún un dán wò. Ó ní bírò dà bí ọkọ: pé ó dáhùn lánàá kò ní kó dáhùn lónìí.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe fóòmù tí wọ́n ń sùn lé. Ìlú tí ọ́fíìsì Ọ̀gá wà ni Màmá ń gbé, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù gan-an, wákàtí méjì ni pẹ̀lú bọ́ọ̀sì. Gbogbo Ọjọ́rú ló ń lọ síbẹ̀, tó ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé, tó sì ń gbé e padà wá fún Ọ̀gá. Ìpàdé a máa parí lágogo méjìlá. Bọ́ọ̀sì tó ń padà kì í gbéra títí di agogo mẹ́rin. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin kò ju òpópónà méjì lọ sí ibi ìpàdé náà, inú ilé náà sì ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà, ọmọ oṣù méje, tí kò tíì ní eyín ṣùgbọ́n tó ti ní ìgbéraga. Èyí kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá pè é. Ọ̀gá fi ọdún mẹ́tàlá kéré sí i, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún un débi pé kì í jókòó sọ ohun búburú fún un. Lọ́jọ́ náà, ó dìde dúró.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó, sà."

"Ẹ ṣeun. Màmá, ayé ti lajú. A fẹ́ máa fi ẹ̀rọ ṣe ìpàdé. A ó máa rí wọn nínú kọ̀ǹpútà, àwọn náà á máa rí wa. Àwọn mẹ́ta ló fẹ́ tà á fún wa. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yan ọ̀kan, torí kò sẹ́ni tó mọ ìpàdé tó yín. Ẹ ó sì sinmi ìrìn Ọjọ́rú yẹn. Ìyà yẹn ti tó."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Màmá wí, bí àgbò tí wọ́n ní kó wá yan ọ̀bẹ.

Obìnrin yìí kò purọ́ sínú ìwé rí, kò sì ní tìtorí ọmọ oṣù méje bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sófin tó ní kí ènìyàn má la ojú rẹ̀ dáadáa wá àléébù.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò fún un ní iṣẹ́ ṣe. Àwòrán rẹ̀ mọ́ bíi dígí tuntun. Nínú ìpàdé ìdánwò, Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lórí ìwà pípẹ́ dé ibi iṣẹ́, máníjà ẹ̀ka sì tẹjú mọ́ ọn, kò ṣẹ́jú, kò mira, fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń fetí sílẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "Irú ẹni báyìí ló yẹ ká máa fi ṣe àwòkọ́ṣe."

Ìgbà náà ni fóònù Ọ̀gá dún. Máníjà ni. Ó ní òun ti lọ jẹun, òun sì ti dé, ṣé ẹ̀rọ ti padà bọ̀ sípò?

Ẹ̀rọ kejì, ọ̀fẹ́ ni, àfi pé bó bá pé ogójì ìṣẹ́jú, yóò já. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kí Ọ̀gá kú àárọ̀, wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ́ lọ́dún tó kọjá. Àwọn mẹ́sàn-án ló wà lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ìkíni ẹnìkejì kó panu mọ́. Ọ̀gá náà dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó yá," ni Ọ̀gá wí, "ohun àkọ́kọ́ tó wà níwájú wa ni—"

Ẹ̀rọ já. Màmá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkíni parí ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló fa wàhálà, nítorí pé kò ní wàhálà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Màmá fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pe ọmọkùnrin tó ń tà á.

"Bí iná bá lọ ńkọ́?"

"Bátìrì wà, Mà."

"Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń wọ́ ńkọ́?"

"Àwòrán lè ṣú díẹ̀, ohùn ò ní já, Mà."

"Bí ìwọ bá kú ńkọ́?"

Ọmọkùnrin náà ronú sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, Mà. Òun náà mọ̀ ọ́n tò."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbìyànjú láti pẹ̀tù sí i nínú. "Mọ́mì, ẹ̀yin náà! Ẹ lè máa rí ọmọ nínú fídíò." Wọ́n dán an wò. Ọmọ náà wo ojú ìyá àgbà nínú fóònù, ó yọ ahọ́n, ó sì lá a.

"Mọ́mì, ó rí yín!"

"Èmi ni mi ò rí i," ni Màmá fèsì. "Inú ẹnu ni mò ń wò."

Nílé-iṣẹ́ yìí, ìpàdé kì í parí láìjẹ́ pé gbogbo ẹni tó wá jókòó lé fóòmù tuntun, kó sọ bó ṣe rí. Nígbà tí ìdánwò ẹ̀rọ kẹta dé ibẹ̀, Ọ̀gá sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Fóòmù yẹn, ṣé ó le?"

"Kò le, sà," ni máníjà dáhùn.

"Ó rọ̀ nìyẹn?"

"Kò rọ̀, sà."

"Báwo ló ṣe wá rí?"

"Ó dára, sà."

Ọ̀gá fi ìka tẹ ojú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà le.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá kọ ìwé: "Ẹ̀rọ kẹta ni kí a rà. Kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Ó yẹ kí ẹnìkan máa ti ọ̀dọ̀ wa lọ jókòó lé fóòmù ní gbogbo Ọjọ́rú."

Ọ̀gá kà á, ó sì dìde dúró.

"Màmá, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyí. Bàbá Sítọ́ọ̀ ni yóò máa lọ." Bàbá Sítọ́ọ̀ ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí wọn, kílò ọgọ́fà ló sì wọ̀n. "Fóòmù tó bá gbé ìyẹn, ta ni kò ní gbé? Ẹ̀yin fúyẹ́ jù, Màmá. Ẹ kàn ń bà lé e bí ẹyẹ ni."

Bàbá Sítọ́ọ̀ wá tọrọ àforíjì. "Ìyá wa, ẹ má bínú sí mi o. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn."

"Ọlọ́run nìkan kọ́," ni Màmá wí. "Mo ti rí yín nídìí búrẹ́dì."

Ó wá lọ tú àkọsílẹ̀ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sílẹ̀, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ẹtì, ìwé mìíràn ti wà lórí tábìlì Ọ̀gá: àwọn oníbàárà tó sanra tó wá fẹjọ́ sùn pé fóòmù rì mọ́ àwọn nídìí, mọ́kànlélógójì, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní fóòmù le bíi pákó, igba ó lé mẹ́ta. Ó fi kún un pé ẹni kílò ọgọ́fà kò lè jẹ́rìí fún ẹni kílò ọgọ́ta.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí gbogbo àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn. Ó ní kí àwọn méjèèjì máa lọ.

Bí ẹ̀rọ tí wọ́n rà láti fi dá ìrìnàjò ẹnìkan dúró ṣe wá ń rán ènìyàn méjì nìyẹn. Màmá ń jókòó lé fóòmù lọ́hùn-ún, ó ń kọ̀wé níwájú kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá sì ń rí i kedere.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, ọmọ Màmá ní ibì kan tó fẹ́ lọ, ó bá gbé ọmọ wá bá a níbi ìpàdé. Fóòmù tuntun ló wà nílẹ̀, ti ọmọdé. Bàbá Sítọ́ọ̀ jókòó lé e, ó ní ó dára. Màmá jókòó lé e, ó ní ó le díẹ̀. Ẹnu wọn kò kò. Màmá gbé ọmọ náà lé e. Ọmọ náà wo Ọ̀gá nínú kọ̀ǹpútà, ó yán, ó sì sùn.

Ọ̀gá dìde dúró. "Ẹ má jí i," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ kọ ọ́ pé fóòmù yege."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn fi parí ìpàdé. Màmá kọ ohun gbogbo sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, àfi àyè kan tó ṣì ṣófo di bí a ti ń wí yìí. Ẹni tó sùn nínú ìpàdé, tó sì jẹ́ pé oorun rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìpinnu, ṣé abẹ́ "Àwọn Tó Wà Níkàlẹ̀" ni ká kọ orúkọ rẹ̀ sí, àbí abẹ́ "Àlejò"?