Sùtánà Lórí Yìnyín

Nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Dagenham ní London, Jésùfẹ́mi ará àdúgbò Valence nìkan ló ń fi họ́kì orí yìnyín jẹun. Iwájú ló ti máa ń gbá a, ó sì máa ń sáré bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbé ẹ̀wà kaná.

Àmọ́ eré nìkan l'Ọlọ́run fún un, kò fún un ní góòlù. Bí eré bí àwàdà, sáà ń parí lọ, kò tíì gbá ẹyọ kan wọlé. Kóòṣì bá là á mọ́lẹ̀ fún un pé bí kò bá rí góòlù gbá lọ́jọ́ Sunday, kó máa wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Ìyá rẹ̀, Màmá Ọládùnní, gbààwẹ̀ sí i. Bí ìsìn ṣe parí ní ìjọ Aládùúrà wọn, tòun ti sùtánà ló gbọ̀nà ibi ìdíje. Aládùúrà kì í sì í wọ bàtà sí sùtánà. Ẹsẹ̀ lásán ni Màmá fi jókòó sétí yìnyín, tó ń gbọ̀n, tó ń ké halelúyà.

Ni ẹnì kan bá ti Jésùfẹ́mi ṣubú. Màmá rò pé ọmọ òun ti kú. Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré tí àwọn eléré ń gbà wọlé, ó di orí yìnyín!

Jésùfẹ́mi ti dìde ní tiẹ̀, rọ́bà tí wọ́n ń gbá sì wà lẹ́nu igi rẹ̀. Aṣọ́lé àwọn alátakò ti kúrò lẹ́nu ilé góòlù, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo obìnrin aláṣọ funfun. Ilé ṣófo gbayawu. Ṣùgbọ́n Màmá ti ń yọ̀ lọ tààrà síbi ògiri, ó ń fọwọ́ gbá afẹ́fẹ́.

Jésùfẹ́mi wo ilé, ó wo ìyá rẹ̀. Ó ju igi nù, ó sáré tí kò sá rí, ó sì gbá Màmá mú kó tó forí sọ ògiri.

"Màmá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí kẹ̀? Keeper ò sí nílé! Empty post! Ta ló ní kó o wá gbé mi? Olúwa o, ààwẹ̀ mi!"

Rẹfirí ti fun fèrè. Kóòṣì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò rí irú eré tí Jésùfẹ́mi sá yẹn rí, òun á fi ọdún kan kún iṣẹ́ rẹ̀. Inú Jésùfẹ́mi dùn débi pé ó sunkún.

Màmá ò gbọ́ èyíkéyìí nínú ẹ̀. Títí dòní, bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ ọmọ rẹ̀, á mí kanlẹ̀, á ní: "Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kó ti gbá góòlù yẹn."