Obìnrin Tó Ń Fọ Aṣọ Òkú

Àbúrò ìyá mi ni mo lọ bá gbé ní Orè nígbà tí mo ríṣẹ́ olùkọ́ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òdìgbò. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Télọ̀ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn kò sì jìnnà sí gáréèjì, níbi tí àwọn èrò ọ̀nà Benin ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ní Orè ló wọ aṣọ tí wọ́n rán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ojú ti ń lọ. Àìsàn ojú tí kì í dunni ni, tó máa ń jẹ ojú lábẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú mọ́ni lọ́sàn-án gangan. Kí dókítà tó rí i, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tó yá, Àǹtí ò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń retí láàárín ọ̀sẹ̀ ni eré kan tí wọ́n máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ìtàn ilé àtijọ́ kan ni, tí àwọn òkú tí ọ̀rọ̀ wọn ò tíì tán láyé máa ń yà sí. Obìnrin olówó kan ló ni ilé náà, òun sì ni olórí eré. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ilé náà ni àwa ń tìtorí ẹ̀ jókòó. Nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀, kò ju kí obìnrin yìí gbé báàfù kọjá lẹ́yìnkùlé, kó sọ ọ̀rọ̀ kan tó pani lẹ́rìn-ín, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ la wá mọ̀ pé aṣọ tó wà lọ́rùn àwọn òkú náà ló ń fọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wọ omi, á máa gbọ́ ohun tí ẹni tó laṣọ ì bá sọ kó tó kú. Tó bá ti fọ̀ ọ́ tán, tó sá a, tó gbẹ, òkú náà ti lọ nìyẹn, kò ní padà mọ́. Ní gáréèjì, àwọn Àlàájà tó ń ta búrẹ́dì àtàwọn dẹ́rẹ́bà máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni.

Àǹtí ń gbọ́ ohùn, èmi ń sọ ohun tí ojú rí. Mo máa ń sọ ẹni tó wọlé, ẹni tó bojú jẹ́, ẹni tó ń yọ́ rìn bọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èyí ò tó wọn. Wọ́n á tún béèrè irú aṣọ tí alágbàfọ̀ wọ̀, bí wọ́n ṣe gé apá aṣọ náà, bóyá ìṣẹ́tí rẹ̀ ti ń tú. Mo sọ fún wọn nígbà kan pé kì í pààrọ̀ aṣọ, aṣọ àǹkárá kan náà ló ń wọ̀ láti ọjọ́ tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń fọ aṣọ gbogbo ayé kì í ráyè fọ tirẹ̀.

Àǹtí bí ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin ni. Ó fẹ́ àgbẹ̀ kòkó kan ní Àgọ́ Aláyé, orí ìkúnlẹ̀ ló sì kú sí. Ọmọ tó bí yè. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, Àǹtí ò sì lọ, nítorí àwọn àgbà ní òbí kì í rí sàréè ọmọ. Ìyá ọkọ ló gba ọmọbìnrin jòjòló náà, ó sì tọ́ ọ dàgbà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Àǹtí títí pé àwọn fẹ́ mú ọmọ wá kó wá mọ̀ wọ́n. Àǹtí ò kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí ò gbà. Iṣẹ́ ni wọ́n máa ń ní ó pọ̀. Ìyá mi ló sọ ohun tó wà nídìí ẹ̀ fún mi. Ó ní Àǹtí sọ fún òun lọ́jọ́ kan pé àwọn ò lè gbé ohun tó pa ọmọ àwọn jó.

A kì í dárúkọ olóògbé nínú ilé wa. Mi ò rí omijé Àǹtí rí.

Nínú eré náà, ó wá hàn pé alágbàfọ̀ bímọ rí. Ọmọkùnrin ni, odò ló gbé e lọ. Ó gbé ẹ̀wù ọmọ náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kò fọ̀ ọ́ rárá, nítorí ó mọ ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ọmọ ń wá bá a nírọ̀lẹ́, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ọmọ náà ń gbàgbé. Ó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́, ó wá ń fa àwọn ọmọ àdúgbò lọ sétí kànga kó lè rí ẹni bá ṣeré. Onílé bẹ alágbàfọ̀ títí pé kó fọ ẹ̀wù náà. Alágbàfọ̀ ní ẹni tí kò bímọ ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àǹtí dá sí i láti orí àga wọn pé òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, eré náà ṣàdédé pa rọ́rọ́. Kò sí orin, kò sí ọ̀rọ̀, omi nìkan ló ń dún. Àǹtí gbé orí sókè.

"Kí ló ń ṣe?"

Mo ní ó ti gbé báàfù jáde.

"Aṣọ ta ni?"

N kò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. "Aṣọ ọmọ rẹ̀ ni, Àǹtí."

Mo bá ń sọ ohun tí mo ń rí lọ. Ó ti ki ẹ̀wù náà bọ omi. Ó ń fi ọṣẹ pa ọrùn rẹ̀. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn rẹ̀, obìnrin náà ò wo ẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ó ń sunkún?"

"Rárá. Ó ń fọ̀ ọ́ ni."

"Ṣé ó fọ̀ ọ́ dáadáa?"

"Ó fọ̀ ọ́ dáadáa, Àǹtí."

Nígbà tó sá ẹ̀wù náà tán, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Kò gbọ́ ohùn òkú kankan nínú omi láti ọjọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé e rù, ó jáde nílé náà, bí wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò nínú eré nìyẹn. Inú bí àwọn ará gáréèjì. Wọ́n ní àwọn tó ṣe eré náà ti bà á jẹ́, pé ta ló kù tí àwọn fẹ́ máa wò. Àǹtí ò bá wọn dá sí i. Oúnjẹ ò wọlé fún wọn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá mo lè tọrọ ààyè ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, pé àwọn fẹ́ kí n mú àwọn lọ sí Àgọ́ Aláyé.

Bí ọkọ̀ ṣe ń wọ ìlú ni Àǹtí ti ń gbóòórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìyá ọkọ olóògbé ló gbà wá lálejò, ìyá arúgbó tó tẹ̀ díẹ̀. Ó fún wa lómi, ó kí wa pé ẹ kú ìrìn, ó ní ọmọ wà níléèwé àmọ́ kò ní pẹ́ dé. Àǹtí dúpẹ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ dé ibi sàréè ná. Ìyá náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní èèwọ̀ ni, pé kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní bá òun wí, pé ojú ìyá kì í rí sàréè ọmọ.

"Ojú wo ni mo ní?" ni Àǹtí wí.

Ìyá náà wò wọ́n. Ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, ó sì dìde. Èmi ni mo fẹ́ di Àǹtí lọ́wọ́ mú, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún òun. Àwọn méjèèjì rọra rìn lọ sẹ́yìn ilé, sábẹ́ igi ọsàn, èmi ń tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ojú sàréè náà. Àǹtí kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ wá etí rẹ̀ kiri, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ewé kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n wá dárúkọ ọmọ wọn. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Ìkálẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ní kó má bínú pé àwọn pẹ́. Mo tún gbọ́ "Ó dàárọ̀, ọmọ mi." Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbà wọ́n. Ìyá ọkọ jókòó ti wọn lórí ilẹ̀, ó sì ń sunkún pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí a padà dé iwájú ilé, ọmọ ti dé, ó wọ yunifọ́ọ̀mù, ó ń wò wá. Ìyá àgbà rẹ̀ sọ fún un pé ìyá ìyá rẹ̀ nìyí. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ káàbọ̀, mà. Àǹtí ní kó sún mọ́ àwọn. Wọ́n fọwọ́ tọ iwájú orí rẹ̀ dé àgbọ̀n, wọ́n kan etí rẹ̀, wọ́n fi ìka ṣe ìwọ̀n èjìká rẹ̀ láti apá kan dé èkejì bí wọ́n ṣe ń ṣe fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló ń ránṣọ fún ọ?" ni wọ́n bi í.

Ọmọ náà ní kò sẹ́ni tó ń rán an, òkìríkà ni wọ́n ń rà fún òun lọ́jà. Àǹtí mi orí. Wọn ò tètè mú ọwọ́ kúrò ní èjìká rẹ̀.

A ò fi bẹ́ẹ̀ wo eré náà mọ́ nígbà tí a padà dé Orè. Nígbà mìíràn mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n, Àǹtí á ní kí n dín ohùn rẹ̀ kù, àwọn ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyá ọkọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, tàbí ọmọ. Ọlidé ló fi ń wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ ṣaláìsí, bàbá rẹ̀ bẹ̀ wá pé kó kúkú máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ń bá mi lọ sí Òdìgbò láràárọ̀ báyìí, orí ọ̀kadà kan náà la jọ ń gùn. Ó lẹ́nu, kì í gbà bọ̀rọ̀, ó sì ń béèrè nípa ìyá rẹ̀ lásìkò tó bá wù ú, ì báà jẹ́ nídìí oúnjẹ. Àǹtí máa ń dá a lóhùn. Lánàá ni mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò mọ ọbẹ̀ sè rárá, pé iyọ̀ ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.