Ohun Tí Aránṣọ Ń Sọ Kó Tó Yí Bọ́ọ̀lù

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí gègé mi má yọ yíǹkì mọ́. Èmi tí mo fi páálí ọṣẹ kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, tí àwọn tíṣà wá ń bi ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, mi kì í sọ ohun tí ojú mi ò bá rí.

Àbúrò ìyàwó mi ni Aránṣọ. Láti kékeré ló ti jókòó ti maṣíìnì, téèpù lọ́rùn bí ẹ̀gbà. Tó bá ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn ilé epo ló ń gbà lọ. Níbẹ̀, wọ́n máa ń yí bọ́ọ̀lù wúwo oníhò mẹ́ta lórí pátákó dídán, kó lè lọ wó igi funfun mẹ́wàá tó wà lópin rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá yà, kòtò ẹ̀gbẹ́ á gbé e mì. Ti Aránṣọ kì í yà. Ariwo igi tó ń wó fún un ń jí ọmọ ọwọ́ ládùúgbò kejì.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sinmi ni pé ẹnu rẹ̀ máa ń mì wúyẹ́wúyẹ́ kó tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kí ló ń sọ? Onígbọ̀ngàn ní àdúrà ni. Ìyàwó mi ní àwọn oníbàárà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ló ń dárúkọ, ìdí nìyẹn tí igi fi ń jìyà. Mo na etí bí ehoro, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bi í, ó fi ẹ̀rín lé mi.

Lọ́dún kan, onígbọ̀ngàn kéde pé ẹni tó bá borí nínú ìdíje ni yóò wọ ọkọ̀ òfurufú lọ ṣojú gbọ̀ngàn wọn nílùú mìíràn. Aránṣọ, tó ti rán aṣọ ìrìnàjò fún gbogbo ayé, òun alára ò rìn kọjá ìgbèríko rí. Ó rán tirẹ̀, ó gbé e kọ́ ògiri, ó ń wò ó.

Ó wá ku òun àti mẹkáníìkì kan tí à ń pè ní Dókítà Ẹ́ńjìnnì, ẹlẹ́nu dídùn. Wọ́n ń dọ́gba títí dé ìpele ìkẹyìn. Mẹkáníìkì yí bọ́ọ̀lù méjèèjì tirẹ̀, igi mẹ́sàn-án ló wó. Bọ́ọ̀lù méjì ló kù fún Aránṣọ. Bó ṣe fẹ́ gbé èkíní ni mẹkáníìkì tẹrí ba fún un:

"Àǹtí wa, ẹ má bínú o. Ṣé àtàǹpàkò yín ló kọ́kọ́ ń jáde nínú ihò ni, àbí ìka yín?"

Ìbéèrè ọmọlúàbí, májèlé ni. Aránṣọ ò rò ó rí. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì ń wò ó títí bọ́ọ̀lù fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kòtò gbé e mì káló.

Gbogbo ilé dìde dúró. Fáànù òkè pàápàá dẹ́kun yíyí. Àfi kí igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wó lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ ara ògiri di aṣọ ògiri nìyẹn. Aránṣọ tún wo àtàǹpàkò náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé bọ́ọ̀lù, ó sì la ohùn lọ́tẹ̀ yìí:

"Má wo abẹ́rẹ́. Ìlà ni kó o wò."

Ohun tó ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn! Ẹni tó bá ń wo abẹ́rẹ́, ìránṣọ rẹ̀ á wọ́. Ìlà ṣọ́ọ̀kì lojú ń tẹ̀ lé. Ọfà kékeré tí wọ́n yà sórí pátákó ni ṣọ́ọ̀kì tirẹ̀. Kì í tilẹ̀ wo igi.

Mẹ́sàn-án wó. Ìkẹwàá ń jó, ó ń jó, ẹyin ìbá ti jinná, kó tó dùbúlẹ̀.

Ó fò lọ, ó fò bọ̀. Mo ní kí ló rí lókè. Ó ní ojú rírán àga ọkọ̀ òfurufú náà wọ́.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, Dókítà Ẹ́ńjìnnì ṣì wà láyé, abẹ́ mọ́tò lẹ ó ti bá a. Ẹ kọ́kọ́ fetí sí ohun tí òun náà ń sọ lẹ́nu kó tó de nọ́ọ̀tì.