Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lára Táyà Àǹtí Mi

Kò sẹ́ni tó mọ mọ́tò tì jù mí lọ ní gbogbo Ìkòròdú. Ẹ bèèrè ní Itamaga, ẹ bèèrè ní Ìgbògbò. JSS tírì ni mo ti sá kúrò nílé ìwé torí ìjókòó ò bá mi lára mu, àmọ́ ẹ gbé mọ́tò tó ti kú síwájú mi, èjìká kan ni màá fi tì í débi tẹ́ ẹ bá fẹ́, màá sì máa jẹ gúgúrú lọ.

Mọ́tò tí mo ń tì lójoojúmọ́, ti Àǹtí mi ni, àbúrò ìyá mi. Ìkirè ni wọ́n ti wá, wọ́n rẹ́ǹtì yàrá kan ní Lasunwọn, ọ̀dọ̀ wọn lèmi náà ń gbé. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò yẹn ti kú tipẹ́. Ọkọ wọn ní kí wọ́n tà á fáwọn tó ń ra irin, Àǹtí mi kọ̀. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Itamaga, wọ́n ṣí bọ́ọ̀tù, wọ́n kó aṣọ ọmọdé òkìríkà sínú ẹ̀, wọ́n fi háńgà kọ́ gáùn sí gbogbo fèrèsé. Ó di ṣọ́ọ̀bù. Torí ṣọ́ọ̀bù gidi ní Itamaga, apá wọn ò ká a. Tí mọ́tò yẹn bá lọ, ọjà wọn lọ nìyẹn.

Àfi bí kánsù ṣe gbé òfin dé: mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ dúró lójú kan látàárọ̀ dọ̀sán. Èyí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á wọ́ ọ lọ. Ọkùnrin tí wọ́n rán sí àdúgbò wa wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, ó mú fèrè àti ṣọ́ọ̀kì dání. Láàárọ̀, á fa ìlà ṣọ́ọ̀kì sára táyà níbi tó ti kan ilẹ̀. Tó bá padà dé tí ìlà yẹn ṣì kan ilẹ̀, ó túmọ̀ sí pé mọ́tò ò kúrò.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò yìí ò lẹ́ńjìnnì," Àǹtí mi sọ fún un.

"Màdáámù, òfin ò bèèrè ẹ́ńjìnnì. Táyà ló bèèrè."

"Ṣé kí n yọ táyà ni?"

Ó rò ó títí. "Ẹ má yọ ọ́. Níbo ni kí n wá fa ìlà sí?"

Bí iṣẹ́ ṣe kàn mí nìyẹn. Tó bá fọn fèrè pé àkókò ti tó, màá ti mọ́tò dé iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹrun. Tó bá tún fọn ọ́n, màá tì í padà. Àwọn oníbàárà ń rìn tẹ̀ lé wa. Ìyá ọmọ kan ná gáùn lójú fèrèsé bí mo ṣe ń tì. "Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀!" "Kò gbà!" Nígbà tá a máa fi dé ọ̀dọ̀ àwọn agẹrun, ó ti gbà.

Kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí o. Ọpọlọ mi ló ń yún mi. Lọ́jọ́ kan mo yá jáàkì lọ́wọ́ fọganáísà, mo gbé táyà sókè, mo yí i, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì dé òkè, mọ́tò ò mira. Ta ló tún lè ronú ẹ̀?

Ọkùnrin onífèrè yẹn, ọ̀gá kánsù wa, dé, ó wo ìlà, inú ẹ̀ dùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Ewúrẹ́ kan ti sùn sábẹ́ mọ́tò látàárọ̀, ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ewúrẹ́ yìí ńkọ́?"

"Ó tẹ̀ lé wa ni, ọ̀gá."

"Ó tẹ̀ lé yín lọ, ó tẹ̀ lé yín bọ̀, ó tún wá sùn sójú ibi tó sùn sí?"

"Ewúrẹ́ tó mọlé ni."

Àwọn agẹrun rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tí wọ́n ń gẹrun fún sá jáde tòun ti irun ìdajì. Ojú ti ọ̀gá kánsù, ló bá fóònù tówìn, mọ́tò tó ń wọ́ mọ́tò. Bàbá arúgbó kan ló wà á wá láti Ẹ̀pẹ́, ẹja yíyan kún iwájú ẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n fi ṣéènì kọ́ mọ́tò Àǹtí mi. Àǹtí mi gun bọ́ọ̀tù, wọ́n jókòó sórí aṣọ.

"Màdáámù, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Mi ò sọ̀. Ibi tí ọjà mi bá ń lọ lèmi náà ń lọ."

Bàbá Ẹ̀pẹ́ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì tówìn wúkọ́, ó dákẹ́, ó kú pátápátá. Ẹ́ńjìnnì yẹn náà ló sì máa ń tú ṣéènì sílẹ̀, ni mọ́tò méjèèjì bá so mọ́ra wọn bí ọkọ̀ ojú irin. Mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọ̀gá kánsù, mo fa ìlà sára táyà tówìn.

"Ọ̀gá, èyí náà ti ń pẹ́ lójú kan o."

Mo kàn fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni. Ọkùnrin yẹn wo ìlà, ó wo ojú wa, ó fọn fèrè.

Látìgbà yẹn, mọ́tò méjèèjì ni mò ń tì. Ọ̀gá kánsù fúnra ẹ̀ máa ń bá mi tì í, á fọn fèrè, á sáré wá fi èjìká síbẹ̀. Bàbá Ẹ̀pẹ́ so ẹja yíyan mọ́ ẹ̀gbẹ́ gáùn Àǹtí mi, ọjà ń tà, àfi pé àwọn ọmọ kan wọ gáùn wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń rùn bí ẹja níwájú pásítọ̀.

Àmọ́ mẹkáníìkì dé lónìí. Ó ti wà lábẹ́ tówìn látàárọ̀. Ọ̀gá kánsù sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú pé tó bá sítáàtì, òun gbọ́dọ̀ wọ́ mọ́tò lọ, pé òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́ọ́fíìsì. Àǹtí mi kàn gun bọ́ọ̀tù, wọ́n ń ká aṣọ. Èmi jókòó nídìí sítiárín mọ́tò wa, mò ń kọ èyí kára mi lè balẹ̀.

Kí ló ń dún yẹn? Ẹ́ńjìnnì ni. Gáùn ti ń jó lójú fèrèsé, ọ̀dọ̀ àwọn agẹrun ti ń lọ sẹ́yìn wa. Àǹtí mi ń pariwo pé kí n tẹ bíréèkì, kí n tẹ bíréèkì. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní láti máa lọ.