Àgbá Ọkà Bàbà Tí Ìyá Ọkọ Mi Jókòó Lé

Mo rántí ariwo tó ń dún nínú àgbá irin ìgbà náà, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni ń fi èékánná ha nǹkan. Kòkòrò ló ń jẹ ọkà bàbà mi. Kábà ṣì wà lábẹ́ Kwara nígbà yẹn, Ìlọrin ni gbogbo àṣẹ ti ń wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rán òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan sí ọjà wa, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ní kí á sá ọkà títí yóò fi máa ró kàkà lábẹ́ eyín, kí á dà á kún àgbá dé ẹnu, kí á fi àbẹ́là yíyọ́ dí etí ìdérí rẹ̀. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, yóò sì kú, bí a kò bá ṣáà ti ṣí i títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ̀ pé kòkòrò náà ń mí.

Síbẹ̀ mo ṣe é, nítorí ìyá ọkọ mi. Nílé wa, ìyàwó tí kò tíì ní ààrò tirẹ̀, orí àjà ìyá ọkọ ni ọkà rẹ̀ ń gbé, lókè iná, kí èéfín máa lé kòkòrò. Èéfín náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, n kò ní parọ́. Àmọ́ oníṣòwò ni mí. Bí ọkà bá wọ́n lọ́jà Ìsánlú, mo ní láti kúnlẹ̀ bẹ ìyá kí n tó gbé ẹrù ara mi sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kó tèmi sínú àgbá, ìyá dá mi lóhùn pé:

"Ìyàwó, àgbá kì í rú èéfín. Bí ọkà yìí bá jáde láì di ìyẹ̀fun, lọ mọ ààrò tìrẹ. Bó bá bàjẹ́, n kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ààrò lẹ́nu rẹ mọ́."

Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo wà lọ́jà, etí mi wà lára àgbá. Ẹni tó ní kí n wọn ẹ̀wà, iyọ̀ ni mo ń bù fún un. Bí mo bá dé ilé, ariwo náà ṣì ń dún, lójú mi, ààrò tí n kò tíì mọ ni àwọn kòkòrò náà ń jẹ. Ní ọ̀sán kan ara mi kò gbà á mọ́, mo mú ọ̀bẹ láti ha àbẹ́là náà kúrò. Mo dé ìdí àgbá, mo bá ìyá ọkọ mi lórí rẹ̀, wọ́n jókòó gẹlẹtẹ, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde díẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò dìde.

"Bó o bá ṣí i, tó bàjẹ́, o máa ní ṣíṣí ló bà á jẹ́. Bí mo bá máa borí rẹ, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé mo borí rẹ."

Bí orí àgbá ṣe di àga wọn nìyẹn. Wọ́n ń ṣọ́ ọ kí wọ́n lè fi mí ṣẹ̀sín, wọn kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá ariwo náà dákẹ́, ìyẹn tún wá burú jù: ṣé kòkòrò ló kú ni, àbí ọkà ló tán?

Òjò dé, ìyá fúnra wọn ni wọ́n ṣí ìdérí. Òkú kòkòrò dúdú bo òkè rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkà ìsàlẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó ró kàkà. Wọ́n tu ú dànù.

"Ibo lo fẹ́ mọ ààrò rẹ sí?"

Ẹ̀yìn ilé ni mo mọ ọ́n sí. Mo rò pé ara máa wá tù mí. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáná èmi nìkan, tí kò sẹ́ni tó ń bú ọbẹ̀ mi, ni mo gbé ìkòkò mi padà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n bi mí ohun tí mo wá ṣe, mo ní iná mi kú. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n sún fún mi.

Ìyá ti fi wá sílẹ̀ tipẹ́. Iná tèmi ni mo ń dá lójoojúmọ́ báyìí, kò sì síbi tí mo lè lọ sọ pé ó kú.